Jẹ́sì Orí Okùn Bàbá Ṣẹ̀rífù

Bí ẹ bá dé Sábó ní Ṣàgámù lọ́jọ́ Sọ́ńdè, tí ẹ yà sí ojúlé tó kángun sí ọjà obì, ẹ ó rí jẹ́sì lórí okùn. Wọ́n á tò lọ bẹẹrẹ láti ara ògiri títí dé ìdí igi máńgòrò, tàwọn ti nọ́ńbà lẹ́yìn wọn. Bàbá Ṣẹ̀rífù ló ń fọ̀ wọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn ládùúgbò ò tiẹ̀ mọ̀ pé Ṣẹ̀rífù ni orúkọ rẹ̀. Bàbá Jẹ́sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é, òun náà sì ń dáhùn.

Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, obì ni. Ó máa ń rẹ obì sómi kí èèpo rẹ̀ lè bó, á ṣà á, á sì fi ewé dì í sínú apẹ̀rẹ̀ kí ó má baà gbẹ kí ọkọ̀ tó gbé e dé òkè Ọya. Àwọn olóbì yìí kan náà ló dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò sílẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Olóbì Bọ́ìsì. Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o. Òótọ́ ni pé ìsàlẹ̀ pátápátá ni líìgì tí wọ́n ń gbá wà, pápá wọn ò sì ní kóríko ju ibi tí ewúrẹ́ ò tíì jẹ dé lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹni tó bá fẹ́ ra obì ní Sábó á dúró ti apẹ̀rẹ̀ títí ẹsẹ̀ á fi máa dùn ún.

Tẹ́lẹ̀, tọkọtìyàwó ló jọ ń fọ jẹ́sì náà. Ṣẹ̀rífù á fi ọṣẹ bó wọn, Hàmdálátù ìyàwó rẹ̀ á ṣàn wọ́n nínú báàfù ńlá kan tó gbé wá láti ilé bàbá rẹ̀. Obìnrin náà á fi ìka méjì gbé jẹ́sì, á yí imú kúrò, á ní, "Bàbá Fàdìlàt, ẹ gbọ́ òórùn nọ́ńbà méje yìí. Ṣé ènìyàn ló wọ èyí ni àbí òbúkọ?" Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín títí. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ ni Fàdìlàt ọmọ wọn ti bímọ ní Abùjá, tí Hàmdálátù di ẹrù, ó ní òun ń lọ wẹ ọmọ fún oṣù díẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n á ní ìyá àgbà fẹ́ lọ wẹ ọmọ. Ọmọ á wẹ̀ tán, á hu eyín, á rìn, á bẹ̀rẹ̀ síléèwé, ìyá àgbà ò ní í padà. Gbogbo ènìyàn á máa bá a yọ̀ pé ó ń jẹun ọmọ. Kò ní í sẹ́nì kan tó máa bi bàbá tó fi sílé pé ta ló ń bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ síta.

Ohun tó gba Ṣẹ̀rífù sílẹ̀ ni àwọn agbábọ́ọ̀lù. Bí wọ́n bá ti gbá bọ́ọ̀lù tán ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Fàrúkù tó jẹ́ ọ̀gá wọn lórí pápá, tó sì ń fi ọ̀kadà ná ọ̀nà Akaka láàárín ọ̀sẹ̀, á gbé àpò jẹ́sì wá. Kò ní í dá wá. Àwọn yòókù á tẹ̀ lé e, wọ́n á jókòó kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa jiyàn lórí góòlù tí rẹfirí fagi lé, wọ́n á bu omi mu, wọ́n á fọwọ́ sí gààrí bàbá, wọn ò sì ní í lọ títí wọ́n á fi pe ìrun Ìṣáì. Ìrọ̀lẹ́ yẹn nìkan ni ohùn ènìyàn máa ń kún ilé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ dé òpin. Bí Hàmdálátù bá pè lórí fóònù lọ́jọ́ kejì, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé àwọn ọmọ wá?" Ṣẹ̀rífù á ní wọ́n wá, wọ́n sì ti jẹ gààrí òun tán. Ìyàwó rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, á ní ọkàn òun balẹ̀.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn títí jẹ́sì funfun fi dé.

Ọmọ Rẹ́mọ kan tó wà lókè òkun ló fi wọ́n ránṣẹ́, wọ́n funfun bí òwú, pé kí Olóbì Bọ́ìsì wọ̀ wọ́n gbá ìdíje tó máa sọ bóyá wọ́n á gòkè nínú líìgì tàbí wọn ò ní í gòkè. Bọ̀wálé, kóòṣì wọn, ló gbé wọn wá fún Ṣẹ̀rífù nínú ọ̀rá. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá wa tọ́jú wọn di ọ̀la." Kò ní kó fọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n Ṣẹ̀rífù kì í gbà kí ènìyàn wọ aṣọ tuntun láì fi omi kàn án. Ó ní ta ló mọ ọwọ́ tó ti kan aṣọ náà láti ibi tí wọ́n ti rán an. Ó pinnu pé òun á rẹ wọ́n mọ́jú.

Níbo ló fẹ́ rẹ wọ́n sí? Hàmdálátù ti ránṣẹ́ gba báàfù rẹ̀. Fàdìlàt tún ti lóyún, ìyá rẹ̀ sì ní báàfù tí wọ́n ń tà ní Abùjá ò ju abọ́ ọbẹ̀ lọ, òun ò lè fi wẹ ọmọ. Ṣẹ̀rífù fúnra rẹ̀ ló fi okùn dì í, tó gbé e fún awakọ̀ ní gáréèjì. Dúrọ́ọ̀mù tó fi ń rẹ obì nìkan ló kù nínú àgbàlá. Ó tì í ṣubú, ó ki orí bọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́ dáadáa lójú tirẹ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú, kò síná, ojú rẹ̀ náà kì í sì ṣe ojú àná mọ́. Kò rí èèpo obì tó lẹ̀ mọ́ ìdí dúrọ́ọ̀mù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ obì, ẹ mọ omi rẹ̀. Bó bá kan aṣọ, ó ti kàn án náà nìyẹn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, jẹ́sì funfun ti pọ́n rúsúrúsú, ó rí tótòtó bí ara ẹni tí làpálàpá bò. Ṣẹ̀rífù fi iyọ̀ bó o, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ bó o, ó da bílíìṣì sí i títí ojú rẹ̀ fi ń ta. Obì ò gbọ́.

Bọ̀wálé dé, ó dúró ti okùn, ó wò ó títí. Ì bá ṣe pé ó jágbe mọ́ bàbá, ì bá sàn. Ṣẹ̀rífù tiẹ̀ ti múra sílẹ̀ fún un, ó ti ro bóun ṣe máa bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni kóòṣì yìí, jẹ́jẹ́ ló ní, "Ẹ má da ara yín láàmú, Bàbá. Ẹ fi àwọn yìí sílẹ̀, ẹ máa fi nu ilẹ̀." Wọ́n wọ jẹ́sì àtijọ́ lọ, wọ́n sì borí. Olóbì Bọ́ìsì gòkè. Wọ́n gbé Fàrúkù sọ́rùn yí Sábó ká, wọ́n dé àdúgbò Ọ̀fìn, kò sì sẹ́ni tó mẹ́nu ba jẹ́sì funfun. Ṣẹ̀rífù rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Nígbà tí ìdíje tuntun bẹ̀rẹ̀, ó gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ó pọn omi tutù sílẹ̀, ó gbé gààrí síbi tọ́wọ́ ti lè tó o, ó jókòó. Kò rẹ́ni. Ó rò pé bóyá wọn ò gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà ni. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún jókòó, ó sì rí Fàrúkù tó ń kọjá lórí ọ̀kadà. Fàrúkù sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ṣé ẹ gbá bọ́ọ̀lù lónìí?" Ṣẹ̀rífù bi í.

"A gbá a, Bàbá. A na wọ́n."

"Ẹ kú oríire. Àpò wa ńkọ́?"

Fàrúkù wolẹ̀. "Ṣé wọn ò tíì sọ fún yín ni, Bàbá? Mo rò pé kóòṣì ti wá. Alágbàfọ̀ kan lẹ́bàá Íńtàṣéńjì ló ń bá wa fọ̀ ọ́ báyìí, ẹ̀rọ ló fi ń fọ̀ ọ́. Kóòṣì ní ẹ ti ṣe é tó. Ẹ sinmi, sà."

Ṣẹ̀rífù ní ó dáa, ó ní kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wọn lójú ọ̀nà. Ó dùn ún dé egungun. Wọ́n ní kí ó sinmi. Kí ló tún ń ṣe nínú ilé yẹn ju ìsinmi lọ? Kì í ṣe jẹ́sì ló ń dùn ún, ẹ gbọ́ mi yé. Ohùn àwọn tó ń gbé e wá ni. Wọn ò sì kórìíra rẹ̀, wọ́n kàn rò pé jẹ́sì nìkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Sọ́ńdè ọjọ́ kejì, ó kó jẹ́sì funfun tí wọ́n ní kó máa fi nu ilẹ̀ jáde, ó fọ̀ wọ́n, ó sá wọn sórí okùn. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e. Àwọn náà lẹ rí lórí okùn yẹn o, àtìgbà yẹn ló ti ń sá wọn síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè. Adétóun, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àgbàlá, á yọjú, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Jẹ́sì." Ojú rẹ̀ ò fọ́, ó ń rí àbàwọ́n obì lára wọn.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, Hàmdálátù pè. Kò bèèrè àwọn ọmọ bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní, "Bàbá Fàdìlàt, mo fẹ́ bi yín lọ́rọ̀ kan, kẹ́ ẹ sì sọ òótọ́ fún mi. Fàdìlàt fẹ́ kí n dúró wẹ èyí tó ń bọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n àbúrò ọkọ rẹ̀ ní bí n kò bá ráyè, òun á wá. Mo ti di ẹrù mi sílẹ̀. Bí ẹ bá ní kí n máa bọ̀, mo ti ń bọ̀ nìyẹn. Ṣé ilé ò ti dá jù fún yín?"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni: máa bọ̀. Ó ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, Hàmdálátù á ní kí ló ṣe àwọn ọmọ tó ń bá a jókòó, òun á sì sọ pé wọn ò wá mọ́. Á bèèrè ìdí rẹ̀, ọ̀rọ̀ á dé ọ̀dọ̀ dúrọ́ọ̀mù obì, á dé ọ̀dọ̀ báàfù, obìnrin náà á sì dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Kì í sì ṣe ìyẹn nìkan, kí a má purọ́. Ojú ń ti Ṣẹ̀rífù láti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé wọ́n ti yọ òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wo àgbàlá.

"Ilé dá kẹ̀?" ó ní. "Jẹ́sì kún orí okùn. Fàrúkù àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló jókòó títí lánàá, wọ́n jẹ gbogbo gààrí mi."

Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ mìíràn ni Hàmdálátù ń retí.

"Alhamdulilaahi," ó ní. "Àwọn ọmọ yẹn ló ń bá mi dúró tì yín. Ó dáa náà, mo máa dúró wẹ ọmọ."

Ó kí i pé ó dàárọ̀, ó gé fóònù. Ṣẹ̀rífù jáde lọ sí àgbàlá, ó ń ká jẹ́sì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pa wọ́n pọ̀ sí apá. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ nọ́ńbà méje, ó gbé e sí imú. Òórùn ọṣẹ nìkan ló ń rùn.