Bí A Ṣe Gbé Ojú Màmá Dé Òkèrèwè

Agogo márùn-ún ìdájí kò tíì lù tí a fi kúrò ní Òkèrèwè. Ọkọ̀ Bọ̀dá Jámánì ni a gbé, a ń lọ mú ìyá ọkọ mi bọ̀ láti ilé ìwòsàn n'Ìbàdàn. Bọ̀dá Jámánì ni àbúrò ọkọ mi. Mo jù ú lọ lọ́dún márùn-ún, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i sílé kí n tó wọlé ọkọ, n ò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Lójúkojú ni mo ti ń sọ "ẹ" fún un o. Nínú ìtàn tèmi yìí, "ó" ni.

Ọdún mọ́kànlá ló lò ní Jámánì lọ́hùn-ún. Nígbà tó fi máa dé, awọ funfun ti bo ojú Màmá. Wọ́n kàn ń fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́ ni, wọ́n ń sunkún. "Kí n ṣáà rí i kó tó padà lọ." Ìdí tí wọ́n fi gbà kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún nìyẹn. Lọ́jọ́ tí a lọ mú wọn yìí, ó ku ọjọ́ mẹ́rin péré kí Bọ̀dá padà.

Ọkọ̀ yẹn, ẹ̀yin ará ilé! Bọ́tìnnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà rẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ síwájú, ó di spọ́ọ̀tì: ṣọ́ọ̀kì á le gbagidi, ẹ́ńjìnnì á ké dáadáa kó tó pààrọ̀ jíà. Tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ó di kọ́ńfọ́ọ̀tì: ọkọ̀ á rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Bọ̀dá kì í fọwọ́ kan ti ẹ̀yìn.

"Ti àwọn arúgbó nìyẹn, ìyàwó wa," ló wí fún mi.

Ó ní ọ̀nà kan wà ní Jámánì tí wọ́n ń pè ní Ọ́tóbáànù, ọ̀nà tí kò ní kòtò kankan. Bí èèyàn bá tẹ spọ́ọ̀tì níbẹ̀, ọkọ̀ á di ilẹ̀ mú. Ọ̀nà Gbọ̀ngán tiwa ńkọ́? Kòtò tó wà níbẹ̀ nígbà ayé ológun yẹn, ẹlẹ́dẹ̀ lè bímọ sí i. N'Íkirè, a ra dòdò Ìkirè, èyí dúdú aláta yẹn, náírà mẹ́wàá. Bọ̀dá nìkan jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí a fi dé Ìbàdàn, ìbàdí mi ti ń pariwo.

Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. "Ẹ má jẹ́ kí orí wọn máa mì. Bí okùn tí a fi rán ojú yìí bá já, ojú lọ nìyẹn."

Nígbà tí à ń padà bọ̀, mo jókòó ti Màmá lẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá ti fò, wọ́n á fún etí aṣọ wọn mọ́wọ́.

"Màmá, ṣé kò dùn yín?"

"Ọkọ̀ ọmọ mi dára."

Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì yẹn sẹ́yìn."

"Ìyàwó wa, mo mọ ọkọ̀ mi. Mò ń rọra."

Inú bí mi, inú bí mi gan-an! Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kì í pàṣẹ fún ọmọ ọkọ. Nígbà tí a dé Ìkirè, mo ní kó wá jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ṣe tán ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Kí èmi wà á díẹ̀. Ó fajú ro.

"Gbé e fún un," ni Màmá wí. "Wá jókòó tì mí."

N ò fọwọ́ kan bọ́tìnnì náà, ó ṣì wà ní spọ́ọ̀tì. Ẹ̀bi mi wà níbẹ̀, mo gbà. Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni. Mo rọra ju bó ṣe wà á lọ. Kòtò kìíní, orí Bọ̀dá kan òkè.

"Yé! Ìyàwó wa, rọra!"

"Mò ń rọra, bọ̀dá mi. Bí ẹ ṣe tò ó náà ni."

Ní kòtò kejì, Màmá kérora mọ́ ọn láyà, "Háà, ojú mi." Bọ̀dá na ọwọ́ gba àárín àga méjèèjì, ó sì tẹ bọ́tìnnì náà sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ rọ̀.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?" ni ó bi wọ́n.

"Ọdún mọ́kànlá ni mo fi retí pé kó o gbé mi jáde. N ò fẹ́ kí inú rẹ bàjẹ́."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe rọra kọjá Ìpetumodù. Aago mẹ́ta ọ̀sán la wọ Òkèrèwè. Ohun tí ìrìn àjò yẹn kọ́ mi ni pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ kì í mọ bó ṣe ń dun ará ẹ̀yìn, àfi bó bá lọ jókòó síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì kan wá tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú náà. Màmá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá tẹjú mọ́ Bọ̀dá fún ìgbà pípẹ́.

"Háà," ni Màmá wí, "ọmọ mi ti hewú! Kò sí ẹni tó sọ fún mi."