Ọdún Kan Tí Rokiah Tọrọ

Inú ẹrẹ̀ etí òkun Kuala Lokan ni Mak Senah ti ń ṣa ìṣáwùrú láti kékeré. Òun ni olórí àwọn obìnrin tó ń ṣà á kó tó di Sẹ́nétọ̀. Ẹnikẹ́ni ò dìbò yàn án o. Ìjọba dárúkọ rẹ̀, ọba fọwọ́ sí i, ó wọ ilé ìgbìmọ̀ òkè.

Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Ẹ má bi mí! Ilé ìsàlẹ̀ tí ará ìlú dìbò fún ló ń ṣòfin. Ilé òkè dà bí àgbà tí wọ́n ń gbàmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Wọn ò lè pa òfin rẹ́, àfi kí wọ́n dá a dúró fún ọdún kan, wọn kì í sì í ṣe é. Alága á béèrè, wọ́n á pariwo "A gbà!", ó di ìdí kọfí. Lákọ̀ọ́kọ́, ó máa ń dun Mak Senah. Nígbà tó yá, kò dùn ún mọ́.

Ni òfin pé kí wọ́n fi yanrìn dí ẹrẹ̀ Kuala Lokan bá dé. Rokiah, àbúrò rẹ̀, pè é.

"Sẹ́nétọ̀ wa! Àbí ẹ ti gbàgbé òórùn ẹrẹ̀?"

"Rokiah, fi mí sílẹ̀. A ò lè pa òfin yẹn rẹ́."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ pa á rẹ́? Ọdún kan péré! Àwọn ọmọ ìṣáwùrú tá a dà sẹ́rẹ̀ á ti tó ó ṣà nígbà yẹn. Gbogbo ohun tá a ní ló wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Mak Senah ṣèlérí pé òun á kọ̀ ọ́, kó lè dúró fún ọdún kan. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílé òkè ní bó bá ti lè kọ́kọ́ kọ̀, àwọn á gbè é lẹ́yìn.

Ọjọ́ pé. Alága ka òfin náà bó ṣe ń ka gbogbo wọn. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbà ńkọ́?"

"A gbà!" Ohùn Mak Senah wà níbẹ̀, ó tiẹ̀ já gaara. Ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́ kó tó rántí. Àwọn tó ń wojú rẹ̀ wolẹ̀. Nígbà tí Alága pe àwọn tí kò gbà, kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu. Áà, obìnrin yìí! Ó ṣì lè dìde nígbà náà. Ó jókòó síbẹ̀. Ẹkún pàápàá ò wá.

Rokiah pè lọ́sàn-án. "Wọ́n ní òfin ti wọlé. Ta ló gbà á wọlé?"

"Gbogbo wa."

"Ẹ̀yin náà?"

"Èmi náà."

Ká ní Rokiah bú u ni, ì bá sàn. "Ó dáa," ló wí. "Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Ẹ jẹ́ n lọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn ọmọ ìṣáwùrú yẹn, bí wọ́n ṣe kéré mọ."