Ìpè Tí Mo Ní Kí Ìyàwó Wa Má Gbé

Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì sí Èrúwà, ẹni tó bá sì mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í gba gbẹ̀rẹ́. Gbájúẹ̀ kankan ò rí mi mú rí. Ohun tí mo fi ń yangàn nìyẹn, òun náà ló sì ṣe mí léṣe.

Àbúrò mi ọkùnrin, ẹnì kan ṣoṣo tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá, ló ń wa bàálù kékeré kan fún ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n máa ń fi í ya àwòrán ilẹ̀ láti òkè fún àwọn awọnlẹ̀. Nígbà kan tó wá kí mi, bí a ṣe ń jẹ iṣu lọ́wọ́, ó yọ ẹ̀rọ kan lápò, kò tóbi ju tọ́ọ̀ṣì kékeré lọ. Ó ní ẹ̀rọ náà ni yóò bá òun ké gbàjarè bí ewu bá dé.

"Èyí tó o ní nínú bàálù tẹ́lẹ̀ ńkọ́?" ni mo bi í.

"Àǹtí, ìkànnì tí tàtijọ́ yẹn ń lò, sátẹ́láìtì ò tẹ́tí sí i mọ́. Ó kàn ń han lásán ni, àfi bí bàálù mìíràn bá ń kọjá lókè tó gbọ́ ọ. Kò sì lè sọ ẹni tó ń ké. Tuntun yìí á sọ fún àwọn adóòlà ẹ̀mí pé èmi ni. Ṣùgbọ́n igbe tí kì í ṣòótọ́ pọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ pe ẹbí kí wọ́n fi mọ̀ bóyá ewu wà lóòótọ́. Nọ́ńbà yín ni mo kọ síbẹ̀, ti ìyàwó mi ṣìkejì."

Mo ní ó dáa, mo bu ọbẹ̀ sí iṣu mi. Kí iṣu náà tó tán ni mo ti gbàgbé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, mo wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá mi yan gààrí nígbà tí fóònù mi dún. N kò mọ nọ́ńbà náà. Obìnrin kan ló ń sọ gẹ̀ẹ́sì wéréwéré létí mi. Ó dárúkọ iléeṣẹ́ kan tí n kò mọ̀, ó dárúkọ àbúrò mi. Ó bi mí bóyá ó wà nílé. Ó bi mí ibi tó ń lọ lónìí, ọ̀nà tó gbà, àti ẹni tí wọ́n jọ lọ.

Nínú Ìbàràpá wa yìí, tí wọ́n ti ń jí àgbẹ̀ gbé lójú oko, tí wọ́n ń jí oníṣòwò gbé lójú ọ̀nà, ta ni yóò gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ tí yóò dáhùn? Ọ̀nà tí èèyàn ń gbà ni ajínigbé kọ́kọ́ ń wádìí. Mo bú obìnrin náà débi pé àwọn tó ń yan gààrí dúró, wọ́n ń wò mí. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́ má pa fóònù. Mo pa á. Ó tún pè, mo wá ti nọ́ńbà rẹ̀ pa kó má lè wọlé mọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣe èyí tó burú jù. Mo pe ìyàwó àbúrò mi ní Ìbàdàn. Èmi obìnrin yìí, ọkọ ni mo jẹ́ fún un ní ìdílé wa, bí mo bá sì ti sọ̀rọ̀, abẹ gé e.

"Wọ́n máa pè ọ́ láìpẹ́," mo ní. "Má gbé e. Gbájúẹ̀ ni wọ́n, tàbí nǹkan tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́."

"Wọ́n ti ń pe fóònù mi kejì báyìí, Àǹtí."

"Má gbé e o!"

"Mo ti gbọ́, mà."

Mo gbọ́ bí fóònù kejì náà ṣe ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí tó fi dákẹ́. Inú mi dùn.

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìyàwó wa pè mí. Ó ní ọkọ òun máa ń pe òun bó bá ti balẹ̀, kò sì tíì pè láti àárọ̀. Fóònù ọ̀gá rẹ̀ náà ò lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì nìkan ni wọ́n jọ gbéra.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tí àbúrò mi bá mi sọ nígbà tí a ń jẹ iṣu já lù mí. Mo fẹ́ ṣí nọ́ńbà tí mo tì pa, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Mo sá jáde láìwọ bàtà, mo gun ọ̀kadà lọ bá ẹnì kan tó ń tún fóònù ṣe nítòsí gáréèjì, mo ń sunkún lójú gbogbo èrò mọ́tò Ìbàdàn. Ó bá mi ṣí i. Mo pè, kò lọ. Mo tún pè, kò lọ. Mo ń bẹ Ọlọ́run, mo ń bẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo ń gbá ara mi létí. Nígbà tó wá lọ, obìnrin àárọ̀ yẹn náà ló gbé e.

Kò bínú. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kó bú mi. Ó ní igi bo ibi tí igbe náà ti ń wá, apá ibì kan tó fẹ̀ gan-an nínú igbó Òkè Ọya ni sátẹ́láìtì lè tọ́ka sí. Orúkọ àbúrò mi nìkan ló wà lórí ẹ̀rọ náà, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé inú bàálù ló wà. Ti inú bàálù fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ti àtijọ́. Bó bá ké, wọn ò gbọ́. Mo ní kí ìyàwó wa gbé ìpè rẹ̀, ó sì sọ ọ̀nà tí wọ́n gbà láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ìṣẹ́jú méjì péré! Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ń ṣú, wọn ò sì lè wá èèyàn nínú igbó lókùnkùn.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kí wọ́n tó rí wọn. Àwọn méjèèjì ti kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọkùnrin kan lára àwọn tó wá wọn rí kó ẹrù àbúrò mi wá fún mi. Ẹ̀rọ kékeré náà wà nínú rẹ̀. Mo bi í bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ní ti inú bàálù ló máa ń dá ké bí bàálù bá já. Ti àpò yìí, èèyàn gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ fa irin rẹ̀ jáde, kó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Irin náà ti wà níta, ọkùnrin náà sì gbójú kúrò lójú mi.

Nígbà tó lọ tán, ìyàwó wa wọlé, ó kúnlẹ̀, ó gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi.

"Àǹtí," ó ní, "ṣé ó máa ń dá ké fúnra rẹ̀ ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń dá ké ni, ọkọ rẹ̀ ò mọ nǹkan kan. Ó ní a dúpẹ́. Ó gbà á gbọ́, nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́.