Ìlú Tí Ẹkún Ti Jẹ́ Èèwọ̀

Mo ti jọba rí ní Tchaourou, erin pàápàá ń dọ̀bálẹ̀ kí mi. Òórùn kajú sísun ló máa ń dá mi padà sí ààfin náà: wágọ́nù kan tí wọ́n pa tì lẹ́bàá ojú irin. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló mú mi wọ inú rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn pa.

"Kábíyèsí, ìlú wa rèé. Kò sí ebi, kò sí ẹkún, ẹnikẹ́ni kì í sì í jáde."

Irin gbóná bí ìkòkò orí iná. Òùngbẹ gbẹ mí, mo bú sẹ́kún.

"Èèwọ̀ ni o!" Ó wò mí títí, ó wá ṣílẹ̀kùn.

Tọ́ńtọ́n wa, àbúrò bàbá wa, ti dúró síta. "Ìyàwó! A ti wá ẹ tì!"

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìgbéyàwó rẹ̀ ọjọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n mi ń sá fún.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó bọ́ sílẹ̀. Irọ́ ni ẹ̀rín yẹn. Kò rẹ́rìn-ín rárá; èmi ni mo fi kún ìtàn náà.