Ìyá Tí Mo Pè Sídìí Ìrẹsì

Ẹ má rò pé ìtàn àròsọ ni mo fẹ́ pa. Èmi fúnra mi ni nǹkan yìí ṣẹlẹ̀ sí, ní ọ̀sán gangan, nínú oòrùn Houston tó ń bó èèyàn lára. Mi ò mutí, ara mi sì dá.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbi iṣẹ́ ní Pasadena ni. Ebi ń pa mí, mo bá yà sí ilé oúnjẹ àwọn ará Japan kan lẹ́bàá freeway. Ramen ni wọ́n ń tà, ìyẹn nọ́dù inú ọbẹ̀ gbígbóná. Èmi ní kí wọ́n fi abọ́ ìrẹsì kan tì í, torí lójú tèmi, nọ́dù nìkan ò tíì di oúnjẹ.

Igi méjì tí wọ́n ní kí n fi jẹun ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi ṣáá. Nígbà tó sú mi, mo gún wọn mọ́ àárín ìrẹsì, wọ́n dúró ṣánṣán, mo sì mú ṣíbí.

Bí mo ṣe gbójú sókè, ìyá arúgbó kan ló dúró síwájú tábìlì mi. Ó jọ ará Japan, ó sì wọ súwẹ́tà nínú ooru yẹn. Kò wojú mi rárá, ìrẹsì ló ń wò.

Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ṣé kí àgbà bá mi nídìí oúnjẹ, kí n wá máa jẹ lọ bí ewúrẹ́? Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀: "Mama, ẹ wá jẹun."

Nílé wa, ta ló ń wá jẹ ẹ́ lóòótọ́? "Á gba ibi ire" lèèyàn máa ń dáhùn, á sì bá tiẹ̀ lọ. Ìyá yìí fa àga, ó jókòó.

"O ṣé, ọmọ mi," ló rọra wí.

Ó yé mi. Àmọ́ ṣé Yorùbá ló sọ ni, àbí Gẹ̀ẹ́sì? Ẹ gbà mí gbọ́, mo ti rò ó títí, mi ò mọ̀.

"Ta ló wà nílé?"

"Ìyàwó mi ni, mà, àti Tẹ́ní ọmọ wa. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni." Kí ló gbé mi dórí ìyẹn?

"Màá wá kí wọn."

Èmi òmùgọ̀, mo ní, "Ẹ máa bọ̀, mà."

Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ ló sáré dé, tó fa igi méjèèjì yọ. Ó sọ sí mi létí pé òkú nìkan ni àwọn ń gún un bẹ́ẹ̀ fún. Mo ní ṣé torí ẹ̀ ni Mama yìí ṣe ń wò ó.

"Mama wo, sir?"

Àga iwájú mi wà lábẹ́ tábìlì bí ẹni pé kò sẹ́ni tó fà á rí. Ọbẹ̀ mi ti tutù bí omi inú fíríìjì.

Mi ò sọ fún ìyàwó mi. Nígbà tá a ń jẹun ìrọ̀lẹ́ nílé wa ní Rosenberg, Tẹ́ní gún ṣíbí mọ́ àárín ìrẹsì rẹ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá kọjá "ẹ káàárọ̀" kọjú sí àga tó ṣófo, ó ní, "Mama, ẹ wá jẹun."

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. "Daddy Tẹ́ní, so ẹ ti ń kọ́ ọ ní Yorùbá, ẹ ò sọ fún mi?"

Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù gidi, torí èmi ni mo fẹnu ara mi júwe ọmọ mi fún un.

Pásítọ̀ wa ti wá gbàdúrà, ó ta òróró sí gbogbo ilé. Mo ti gbé àga kẹrin lọ sí gáréèjì. Mẹ́ta péré ló kù nídìí tábìlì, àwa mẹ́ta náà la sì wà nílé.

Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, Tẹ́ní tún pè é. Mo ní kò síbi tó máa jókòó mọ́. Ni ọmọ mi bá sún sí etí àga tirẹ̀, ó fi ìdajì sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ wo ẹni tẹ́ ẹ ń pè sídìí abọ́ dáadáa. Àwọn kan wà tí wọn ò mọ "Á gba ibi ire" í dáhùn.