Àwọn Kóòṣì tí Baba Fi Mí Lé Lọ́wọ́

Òórùn mọ́sà ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ tí kóòṣì àkọ́kọ́ wá sílé wa. Màmá mi ń dín in lẹ́yìnkùlé, èéfín ti gba gbogbo agboolé wa ní Pàkátà, èmi sì ti wẹ̀, mo ti para, mo ti wọ híjáàbù funfun, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ìyàwó tó ń retí ọkọ. Inú mi ń dùn débi pé mi ò lè jẹ mọ́sà kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tí a jọ ṣe kékeré ní Ìlọrin, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ohun kékeré kí ọmọ Alfa sọ pé òun fẹ́ gbá básíkẹ́ẹ̀tì.

Baba mi ló ń kọ́ ọmọ àdúgbò ní kéwú. Kò ní kí n má gbá a o. Ó kàn ní kí ẹni tó máa kọ́ mi wá kí òun. "Ọmọ, àmáánà ni, ohun tí Ọlọ́run fi sí wa níkàáwọ́ ni," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, "a kì í gbé àmáánà kalẹ̀ sójú títì." Kóòṣì kọ́lẹ́ẹ̀jì wa náà dé, ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, ó ga débi pé ó bẹ̀rẹ̀ kó tó lè wọlé. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó lórí ẹní, eékún ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí ẹ̀. Baba bi í léèrè: ọmọ ta ni? Ta ló ń wo àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n bá ń pààrọ̀ aṣọ? Ṣé Sìdíkátù á délé kí wọ́n tó pe ìrun Màgíríbì? Òógùn bo ọkùnrin yẹn. Nígbà tó yá, Baba ní, "Ó dáa. Mo fi lé ẹ lọ́wọ́." Mo fò sókè, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá àjà!

Kóòṣì Gíga là ń pè é. Òun ló kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù síra ẹni láìwo ojú ara ẹni. A ò tíì bá ẹnikẹ́ni díje tí ìjọba fi gbé e lọ sílé ìwé míì. Mo sunkún délé, mo rò pé Baba máa bá mi kẹ́dùn. Ó kàn ní, "Ẹni tí mo fi ẹ́ lé lọ́wọ́ ti lọ. Máa bọ̀ nílé kéwú." Ẹ gbà mí! Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé kì í ṣe básíkẹ́ẹ̀tì ni Baba gbà fún mi, Kóòṣì Gíga ló gbà fún. Ọkùnrin yẹn ti di àṣẹ mi mọ́ ẹrù ẹ̀, ó ti wọkọ̀ lọ ní Ọ̀fà Garage.

Bó ṣe di pé gbogbo ìgbà tí kóòṣì bá lọ, èmi á padà sílé nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ mi á máa sáré lórí kọ́ọ̀tù, èmi á máa ka súrà, títí ẹlòmíì á fi dé, táá wá bọ́ bàtà, táá jókòó lórí ẹní. Hàbà! Irú kọ́lẹ́ẹ̀jì wo ni kóòṣì kì í ti í pẹ́ báyìí?

Kọ́pà ni ẹni kejì, kò gbọ́ Yorùbá rárá. Baba bi í léèrè ọmọ ta ni, ó rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín sí gbogbo ìbéèrè tán, Baba ní ẹ̀rín ẹ̀ dáa, ó fi mí lé e lọ́wọ́. Òun ní ká gbàgbé gbogbo ohun tí Kóòṣì Gíga kọ́ wa, ká ṣáà máa sáré. A sáré títí ẹ̀mí fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Nígbà tó yá, àkókò ẹ̀ pé, òun náà sáré lọ.

Ni wọ́n bá yan olùkọ́ àgíríìkì lé wa lórí. Ẹni ire ni, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ó ní kí Bọ́lá, ọ̀rẹ́ mi, dúró sábẹ́ ríìngì tí à ń ju bọ́ọ̀lù sí kó má kúrò níbẹ̀, pé òun ni gólì.

Bọ́lá ní, "Sà, básíkẹ́ẹ̀tì ò ní gólì."

Ó ní, "Ìdí tí wọ́n ṣe máa nà yín nìyẹn!"

Kò pẹ́, ó ní oko òun ń pe òun. Ọ̀rọ̀ náà wá sú Baba. "Àwọn kóòṣì yín yìí, ṣé iná ń jó wọn nídìí ni?"

Obìnrin ni ẹni kẹrin. Àǹtí Kóòṣì ló ní kí télọ̀ rán ṣòkòtò gígùn fún àwa tí à ń bo orí. Òun ló sọ mí di olórí ẹgbẹ́, òun ló fi wá sínú ìdíje tòótọ́ àkọ́kọ́ tí a máa gbá láyé wa: kọ́lẹ́ẹ̀jì kan láti ọ̀nà Challenge ló máa wá bá wa nílé ìwé wa. Ó ku ọjọ́ díẹ̀, físà ẹ̀ jáde. Ẹ wo ọjọ́ tí físà yàn o! Ó fò lọ, kò sì sẹ́ni tí wọ́n fi rọ́pò ẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé ìdíje, Bọ́lá kó gbogbo ẹgbẹ́ wá sílé wa, gbogbo wọn kúnlẹ̀.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, tí Sìdí ò bá wá, a ò pé."

"Mo gbọ́. Kóòṣì yín dà?"

"Baba, a ò ní kóòṣì."

"Ta ni kí n wá fi ọmọ lé lọ́wọ́? Ṣé atẹ́gùn?"

Omi ti kún ojú mi. Màmá mi, tí kì í dá sọ́rọ̀ kóòṣì, wá gbójú sókè nídìí agbada. "Alfa, ẹ má bínú o. Nínú gbogbo àwọn tí ẹ fi Sìdí lé lọ́wọ́, èwo ló mú un wálé rí?"

Màmá yí mọ́sà tó ń dín padà.

"Òun ló ń dá rìn wálé. Kò sì sí ọjọ́ tí Màgíríbì bá a níta."

Baba yí tẹ̀sùbáà ẹ̀ títí. Ó dìde, ó wọ bàtà. "Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Àga kóòṣì nìkan ló ṣófo nígbà tí a débẹ̀, ibẹ̀ náà ni Baba jókòó sí. Èmi ni mo wá ń pàṣẹ. Mo lo ọgbọ́n Kóòṣì Gíga, mo lo eré kọ́pà. Kódà, wàláhì, nígbà tí ọmọbìnrin gíga kan lọ́dọ̀ wọn ń dà wá láàmú, mo ní kí Bọ́lá dúró sábẹ́ ríìngì kó má kúrò.

Bọ́lá wò mí. "Sìdí, ìwọ náà?"

Wọ́n nà wá. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n nà wá. Baba dìde, ẹ̀rín gba ẹnu ẹ̀, ó ní, "Ẹ kú oríire o!"

Bọ́lá ní, "Baba, àwa kọ́ la borí o."

"Èmi mọ̀ bí? Mo rí yín tí ẹ ń sáré, tí ẹnikẹ́ni ò lé yín."

Nígbà tí à ń bọ̀ nílé, ilẹ̀ ò tíì ṣú, Baba ń rìn níwájú. Ó ṣàdédé dúró. "Sìdíkátù, mi ò fi ẹ́ lé kóòṣì kankan lọ́wọ́ mọ́. Wọ́n á máa wá, wọ́n á máa lọ. Ọwọ́ ara ẹ ni mo fi ẹ́ lé. Ìwọ ni màá máa bi léèrè." Mo fẹ́ fò, mo fẹ́ pariwo, àfi bí ẹsẹ̀ mi ṣe wúwo. Ó rọrùn ká máa bínú sí kóòṣì jàre; tí mo bá ṣì í báyìí, ta ni màá bínú sí?

Mo ti dàgbà báyìí, mò ń ta ṣájà fóònù ní Post Office, tó bá di ìrọ̀lẹ́ èmi àti Bọ́lá ṣì ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àwọn obìnrin kan. Kóòṣì tuntun tún ti dé. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé ká gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ́ wa. Mo pòṣé, Bọ́lá pòṣé. Sìdí kékeré ì bá ti máa ro ọjọ́ tí eléyìí náà máa lọ, ì bá ti máa wá ibi tó máa sunkún sí. Èmi tòní, inú mi ń dùn jù! Tí kóòṣì bá pẹ́ dé, mo ti so okùn bàtà mi, mo ti ń sáré yí kọ́ọ̀tù ká, òógùn ti bò mí. Ìgbà tó bá dé, kó bá wa níbẹ̀.