Ìyá Kùmásí, Ẹni Tó Ná Ọ̀fẹ́

Títí di òní, bí ẹ bá dúró níwájú ilé ìwé tó wà lójú ọ̀nà Ìlọ́bù sí Ìfọ́n, tí ẹ sì béèrè ìdí tí bọ́ǹpù tí wọ́n mọ sójú títì níbẹ̀ fi jẹ́ márùn-ún, kò sí ẹni tí yóò dá yín lóhùn tí kò ní kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ẹgbẹ́ kan ló rán Ọ̀gbẹ́ni Olúwafisáyọ̀ wá láti Ìbàdàn. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ni láti máa fi owó ìrànwọ́ tún ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń fẹsẹ̀ rìn tàbí tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ gbà lọ sílé ìwé ṣe, kí ọkọ̀ má baà máa gbá wọn. Ìyá Kùmásí ló kọ̀wé sí wọn lórúkọ àwọn òbí. Olúwafisáyọ̀ dé láàárọ̀, bàtà rẹ̀ ń dán, ó nawọ́ sí títì, ó ní, "Mà, inú mi dùn láti sọ fún yín pé wọ́n ti gbà. A máa ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì yìí, a ó sì mọ bọ́ǹpù méjì síwájú ilé ìwé kí ọkọ̀ lè máa rọra. Ọ̀fẹ́ ni."

Àwọn òbí tó pé jọ pàtẹ́wọ́. Ìyá Kùmásí kò pàtẹ́wọ́. Ó wo títì lọ sókè, ó wò ó lọ sísàlẹ̀, ó wá yínmú bí ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ wò tí iyọ̀ rẹ̀ kò tó.

"Méjì kẹ̀?" ló wí. "Ẹ má bínú o, mo mọ̀ pé ọ̀nà jíjìn lẹ ti wá. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ méje."

"Mà, méjì ló wà nínú ètò."

"Mo gbọ́. Iye tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè náà nìyẹn. Ẹ ní méjì, mo ní méje. Ẹ sọ ibi tí ẹ máa fún mi kẹ́yìn."

Olúwafisáyọ̀ wo olùkọ́ tó dúró tì í, bóyá yóò gba òun sílẹ̀. Olùkọ́ náà, Fadékẹ́, wolẹ̀. Ọkùnrin náà ní ó dáa, òun á gbìyànjú mẹ́ta. Ìyá Kùmásí dúpẹ́. Ó kí i, ó kí ìyá tó bí i, ó kí dẹ́rẹ́bà tó gbé e wá, ó wá ká ìró rẹ̀ mọ́ra, ó gun kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀, ó sì ń lọ.

"Mà, níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ilé ni. Ẹ jẹ́ kí n wo ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ná."

Kó tó dé ìdí igi máńgòrò tó wà níwájú, Olúwafisáyọ̀ ti ń sáré tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ náà nínú bàtà dídán, ó ń bẹ obìnrin àgbàlagbà kan pé kó jọ̀wọ́ kó gba bọ́ǹpù márùn-ún lọ́fẹ̀ẹ́.

Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Tọ̀yìbátù. Kùmásí nílẹ̀ Gánà ni wọ́n bí i sí, ọmọdébìnrin ni nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn àlejò máa lọ sílé wọn lọ́dún 1969. Àwọn ẹlòmíràn gbé aṣọ, àwọn ẹlòmíràn gbé wúrà. Bàbá tirẹ̀ gbé kẹ̀kẹ́ ológeere. Orí kẹ̀kẹ́ náà ni ọmọ rẹ̀ dàgbà sí, nígbà tó sì di ìyá àgbà tó ń ta abọ́ àti kúlà ní Ìlọ́bù, orí rẹ̀ náà ló ṣì wà, ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀, àwo tánńganran lẹ́yìn. Kò síbi kan lára kẹ̀kẹ́ yẹn tí wọn ò tíì pààrọ̀ tán, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í, kẹ̀kẹ́ bàbá òun ni. Àwọn kan sọ fún un pé obìnrin kì í gun kẹ̀kẹ́. Ó ní kí wọ́n lọ sọ ọ́ fún kẹ̀kẹ́.

Ọmọ Ìlọ́bù ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ìfọ́n ni ìyá rẹ̀. Bó bá ń ra ọjà ní Ìlọ́bù, ọmọ Ìlọ́bù paraku ni. Bó bá dé Ìfọ́n, ẹ ò ní gbọ́ orúkọ Ìlọ́bù lẹ́nu rẹ̀ títí tí yóò fi gba ṣéńjì.

Kò sí ohun tí kì í ná. Nígbà kan tí ibà gbé e dè ní Òṣogbo, dókítà ní abẹ́rẹ́ mẹ́fà ló máa gbà. Ó ní mẹ́ta. Dókítà ṣàlàyé pé abẹ́rẹ́ kì í ṣe ọjà. Wọ́n fà á títí, àwọn aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì bẹ̀rẹ̀ sí í bá dókítà sọ̀rọ̀ pé kó ṣàánú màmá. Mẹ́rin ló gbà, ó sì gba oògùn oníhóró ní èènì.

Lẹ́mọ́mù àdúgbò náà mọ̀ ọ́n. Bí wáàsí bá ti ń gùn jù, Ìyá Kùmásí á ránṣẹ́ sí i láti ẹ̀yìn pé kí Àlùfáà jọ̀wọ́ kó bu díẹ̀ sílẹ̀ de Jímọ̀ tó ń bọ̀. Lẹ́mọ́mù á ní òun kò gbọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìjọ rí i pé wáàsí kì í pẹ́ parí lẹ́yìn náà.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ bọ́ǹpù kò fi ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti da ọ̀dà tuntun sójú títì yẹn ni ọkọ̀ ti gbàgbé pé òun ní bíréèkì. Àwọn ọmọ Ìlọ́bù ń gba ibẹ̀ lọ sílé ìwé, àwọn ọmọ Ìfọ́n ń bọ̀ láti òdìkejì, kò sì síbi tí wọ́n lè fẹsẹ̀ sí ju etí títì lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀kadà gbá Látífàt, ọmọ aládùúgbò Ìyá Kùmásí, níbi tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé ìwé. Ẹsẹ̀ ọmọ náà kán. Ìyá Kùmásí ló sì kọ́ ọ ní kẹ̀kẹ́ gígùn.

Ó jókòó tì í nílé ìwòsàn títí wọ́n fi di ẹsẹ̀ náà. Iye tí wọ́n bá pè, ó san án. Iye oògùn tí wọ́n bá kọ, ó rà á. Kò ná nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara.

Fadékẹ́, tó jẹ́ olùkọ́ Látífàt, ló sọ fún un nípa ẹgbẹ́ tó ń fúnni lówó ìrànwọ́. Orí fóònù ni wọ́n ti ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ náà. Àwọn méjèèjì jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù láàárín abọ́, Fadékẹ́ ka ìbéèrè àkọ́kọ́: ẹ sọ ìṣòro yín, kó má ju ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ lọ.

"Máa kọ ọ́," ni Ìyá Kùmásí wí. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú àníyàn ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ará ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ara ọ̀gá yín le? Ẹ kú ìnáwó, Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ sì kú ìfaradà ooru yìí."

Ó ń kí wọn lọ, Fadékẹ́ ń tẹ̀ ẹ́ lọ, títí fóònù fi kọ̀.

"Màmá, ọgọ́rùn-ún ti pé."

"A ò tíì kí wọn tán."

"Kò gbà mọ́ ni, mà."

"Ta ni kò gbà?"

"Fóònù ni."

"Bá mi bẹ̀ ẹ́."

Fadékẹ́ bẹ Ìyá Kùmásí gan-an dípò fóònù. Nígbà tó pẹ́, ó gbà kí wọ́n pa ìkíni náà rẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ pé àwọn ọmọ àwọn ń fi ẹsẹ̀ méjì jáde nílé, àwọn sì fẹ́ kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì padà wálé. Fadékẹ́ ní ó dára gan-an. Ìyá Kùmásí ní ó rí bí ọ̀rọ̀ ẹni tí wọn ò kọ́ nílé.

Ẹgbẹ́ náà dá ìwé padà. Wọ́n ní ìlú méjì ló ń lo títì náà, nítorí náà kí àgbà kan láti ìlú kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i. Ibẹ̀ ni Fadékẹ́ ti sọ̀rètí nù. Ìjà ilẹ̀ ti wà láàárín Ìlọ́bù àti Ìfọ́n tipẹ́tipẹ́, ó ti sun ilé, ó ti ya àwọn tó jọ ń jẹun nínú àwo kan náà. Bàbá Ṣàngódèyí ní Ìlọ́bù sọ pé bí òun bá fọwọ́ sí i, ayé á ní òun ti fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún Ìfọ́n. Bàbá Bámigbóyè ní Ìfọ́n sọ pé bí òun bá fọwọ́ sí i, ayé á ní òun ti fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún Ìlọ́bù. Ìyá Kùmásí ní inú òun dùn pé wọ́n rí ohun kan fẹnu kò sí.

Kò bá wọn jà. Ìwé méjì ló wà, ọ̀kan fún àgbà kọ̀ọ̀kan. Ó di wọ́n sínú ọ̀rá, ó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ bá Bàbá Ṣàngódèyí, ó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ bá Bàbá Bámigbóyè. Wọ́n á gbà á lálejò, wọ́n á fún un lómi, wọn ò ní fọwọ́ sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan tí òjò ti rọ̀, ó ń lọ sí Ìfọ́n nígbà tí típà kan fẹ́ gbá a, ó yà fún un, ó sì já sínú gọ́tà tòun ti kẹ̀kẹ́. Típà kò dúró. Ìyá Kùmásí fúnra rẹ̀ ló fa ara rẹ̀ jáde. Kò padà sílé lọ pààrọ̀ aṣọ. Ó dé ọ̀dọ̀ Bàbá Bámigbóyè bẹ́ẹ̀, ó kúnlẹ̀, ẹrẹ̀ ń kán lára rẹ̀ sórí ẹní bàbá.

"Tọ̀yìbátù, kí ló dé?"

"Kò sí o, bàbá. Títì tí ẹ ò fẹ́ fọwọ́ sí ló ní kí n kí yín."

 Bàbá Bámigbóyè ní kí wọ́n bu omi wá kó fi bọ́jú. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé Ṣàngódèyí ti fọwọ́ sí tirẹ̀?"

"Ó ti fọwọ́ sí i, bàbá."

"Jẹ́ kí n rí i."

"Ó wà nílé. Mi ò fẹ́ kí ẹrẹ̀ bà á jẹ́."

Bàbá gba bírò, ó fọwọ́ sí i. Kí oòrùn tó wọ̀, Ìyá Kùmásí ti wà níwájú Bàbá Ṣàngódèyí, ó ń sọ fún un pé Bàbá Bámigbóyè ti fọwọ́ sí tirẹ̀ láìjanpata, pé ó sì ń sọ kiri pé Ìfọ́n ló fẹ́ràn ọmọdé ju Ìlọ́bù lọ. Bàbá Ṣàngódèyí kò tiẹ̀ dúró gbọ́ ọ tán tó fi béèrè bírò. Irọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ tí Ìyá Kùmásí sọ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnikẹ́ni yóò fi rídìí rẹ̀, irọ́ náà ti di òótọ́.

Lẹ́yìn èyí ni Olúwafisáyọ̀ dé láti Ìbàdàn tó sì sáré tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ dé, wọ́n ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n kun ìlà funfun síbi tí àwọn ọmọ á ti máa sọdá. Wọ́n kó akoto wá fún àwọn ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́, wọ́n ní kí Ìyá Kùmásí dé ọ̀kan kí àwọn ọmọ lè rí bí wọ́n ṣe ń dé e. Ó gbé e lé orí gèlè. Wọ́n ní kó tú gèlè. Ó ní kí wọ́n lọ tún akoto ṣe, gèlè ti wà láyé kí akoto tó dé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n parí bọ́ǹpù, òun ló kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ gba orí wọn, gbogbo ìlú dúró, àwo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gba méjì àkọ́kọ́, ó juwọ́ sí wọn. Ó gba méjì tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀karùn-ún, èyí tó fi ẹnu ara rẹ̀ ná, ló gbé e ṣubú. Àwo fọ́ yángá. Àwọn èèyàn sáré lọ bá a pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Wọ́n bá a níbi tó jókòó sí láàárín àfọ́kù, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa bọ́ǹpù náà lórí.

"Wọn ò rẹ́ wa jẹ," ló wí. "Ojúlówó ni wọ́n kó fún wa."

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún tó kọjá ló kú. Àìsàn náà kò pẹ́ lára rẹ̀. Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àwọn ará Ìfọ́n fẹsẹ̀ rìn wá sí Ìlọ́bù, tọmọdé tàgbà, Bàbá Bámigbóyè ló ṣáájú wọn. Ó ti pẹ́ tí irú èrò bẹ́ẹ̀ ti wá láti ibẹ̀. Àga kò tó, wọ́n sì fi Bàbá Bámigbóyè àti Bàbá Ṣàngódèyí sórí bẹ́ǹṣì kan náà.  Bàbá Ṣàngódèyí bi Bàbá Bámigbóyè léèrè ìdí tó fi ṣáájú òun fọwọ́ sí ìwé. Ó ní Bàbá Ṣàngódèyí ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Bàbá Ṣàngódèyí ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n jiyàn títí, ọ̀rọ̀ náà sì yé wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rín tí wọ́n rín pọ̀ débi pé ẹni tó ń kọjá lọ níta béèrè bóyá ìsọmọlórúkọ ni wọ́n ń ṣe nínú ilé náà.

Bàbá Bámigbóyè ló kọ́kọ́ ṣíwọ́ ẹ̀rín. Ó fi etí agbádá nu ojú. "Ṣàngódèyí," ló wí, "ta ló máa wá máa parọ́ fún wa báyìí?"

Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù Ìyá Kùmásí wà ní pípadé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń kọjá láàárọ̀ kò yéé kí ìyá náà níbẹ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe nígbà tó wà láyé. Bí wọ́n bá dé iwájú ilẹ̀kùn, àwọn obìnrin inú wọn á kúnlẹ̀ díẹ̀ tàwọn ti báàgì lẹ́yìn, àwọn ọkùnrin á tẹ̀ ba, wọ́n á ní, "Ẹ káàárọ̀, mà," wọ́n á sì máa lọ. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n máa ṣe é. Kò sì sẹ́ni tó lè ní kí wọ́n má ṣe é mọ́.

Nígbà tí Ọmọ́bọ́láńlé, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wá láti Òṣogbo láti palẹ̀ ẹrù ìyá rẹ̀ mọ́, inú ṣọ́ọ̀bù ló wà, ilẹ̀kùn pa dé, nígbà tó gbọ́ ohùn wọn níta. Ó dúró pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Ó fẹ́ lọ ṣílẹ̀kùn, kò ṣí i. Ó gbọ́ tí ẹsẹ̀ wọn dúró díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń retí nǹkan.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi," ló dáhùn láti inú lọ́hùn-ún. "Ẹ rọra máa lọ o."